Lọ́fínńdà Tó Dá Irin Màmá Padà

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Aláfẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ìwé ń wọ̀ wọ́n lórí? Ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú àárò ilé. Ara Màmá le. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ jà. Mo ti kí ọ.

Ara mi balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ìwọ tí a jọ gbé yàrá kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe mọ̀ pé bí ara mi bá balẹ̀ báyìí, ó yẹ kí ènìyàn wá ibi sá sí.

Jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Màmá ni wọ́n rán aṣọ ìgbéyàwó fún gbogbo àwa ọmọbìnrin wọn, ó wá ku àbíkẹ́yìn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán apá òsì tirẹ̀ tán, ni irin kékeré tí ó máa ń gbá òwú mú lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn bá kán. Ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, irin yìí ti fẹ̀yìn tì kí ẹ̀yin fúnra yín tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò ṣe é mọ́." Mo ní kí wọ́n lo ẹ̀rọ oníná tèmi. Màmá ní, "Èyí tó ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé yẹn? Èmi ò bá ẹ̀rọ du eré." Láti ìgbà náà ni aṣọ ti wà lára ògiri pẹ̀lú apá kan ṣoṣo. Bí irin kò bá dé, aṣọ yíyá ni àbúrò mi yóò wọ̀. Màmá yóò kàn máa wo ògiri.

Mo wá irin náà lórí ayélujára títí mo fi rí àlòkù rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan ní ìlú yín lókè òkun níbẹ̀. Mo ti ń yọ̀ kí n tó rí i pé ó to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lè fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Mo wá tiwa láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí i, bí ẹni pé ìhòòhò ni a ń rìn níbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o gbà á, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo sọ fún ọ kedere pé irin nìkan ni o. Àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù kì í gba ohun olómi tó lè gbaná.

Aláfẹ́, kí ni o fi sí i? Lọ́fínńdà! O wé ìgò sínú ìbọ̀sẹ̀, o tì í sábẹ́ irin. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ àpótí wò, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Mo pè ọ́, o ní, "Háà, Onírúlà, ṣé kí n wá fi irin lásán ránṣẹ́ sí ọ, bí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ? Ẹ̀bùn ni mo fi kún un o!" O ṣeun. Oore ni igún ṣe tí ó fi pá lórí. Nínú tiwa yìí, ìwọ lo ṣe oore, orí tèmi ló pá.

Màmá ni wọ́n gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi já bọ́. "Irin mi gbáfẹ́ jù mí lọ! Sọ fún ọmọ yẹn kó gbé e wá fúnra rẹ̀."

Nítorí náà, má dúró di ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó tí o ní wàá dé. Wá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, kí Màmá lè ráyè rán apá kejì. Fi irin sínú báàgì tí ìwọ fúnra rẹ yóò gbé lọ́wọ́. Fi ìgò lọ́fínńdà sílẹ̀ sórí tábìlì rẹ. Bí o bá sì fẹ́ dandan kí ó dé ọ̀dọ̀ mi, fi para kí o tó jáde nílé. N ó gbà á lára rẹ nígbà tí mo bá dì mọ́ ọ ní pápákọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Màmá ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ dè ọ́. Àbúrò mi kí ọ púpọ̀. Ó ní kí o má bínú, ọwọ́ òsì ni òun fi ń kí ọ. Ọwọ́ yẹn nìkan ló láṣọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí tìfẹ́tìfẹ́,

Onírúlà.