Ìwádìí Tí O Ní Kí N Ṣe Nípa Gbádéyan

                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Kábà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                                  14 Oṣù Kẹfà, 2025.

Sarah, àbúrò mi àtàtà,

Okun o, ọmọ ìyá mi. Ṣé ara le? Bàbá Ọpẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀, àbí ó ṣì ń jí iyọ̀ bù sọ́bẹ̀ nígbà tí o kò bá sí nílé? Ooru Àbújá ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọpẹ́dayọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí, tàbí “ẹ káàárọ̀ mà” lásán ló ṣì ń rí láti sọ fún ọ? Ní tèmi, mo wà láàyè. Orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n n kò tíì di ẹni tí ń tẹ̀pá.

Mo mọ̀ pé orí fóònù lo ti ń retí èsì mi. N kò ní pè ọ́. Lórí fóònù, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Wá jókòó, kí o ka èyí tán.

O ní kí n bá ọ wádìí ilé Gbádéyan, nítorí Ọlábímtán ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ fẹ́ Ọpẹ́dayọ̀. Ìwádìí dára. Àwọn ìyá wa kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí: wọn á bèèrè bóyá wárápá wà nílé náà, bóyá wọ́n máa ń jalè, bóyá ọwọ́ wọn máa ń yá láti lu ìyàwó. Ìwọ kò bèèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí. O ní kí n bèèrè ìjọ tí bàbá náà ń lọ, kí n sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ pásítọ̀ rẹ̀. O ní bí kò bá ní ìjọ, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu mọ́, nítorí pé ẹni tí kò ní ẹ̀sìn, kí ni yóò dá a dúró bí ibi bá ń pè é? Mo ka ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Gbádéyan kò ní ìjọ. Kò ní mọ́ṣáláṣí. Kò sì bọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ó sì ní oko kékeré kan lọ́nà Iyah-Gbede. Mo bèèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀rọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bó bá pààrọ̀ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ rẹ, yóò fi bébà wé ògbólógbòó náà fún ọ mú lọ sílé, kí o lè fi ojú ara rẹ rí i pé òótọ́ ló pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan wà lójú ọ̀nà kan náà tó kọ “Jésù ni Olúwa” gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bí ìyẹn bá tú ẹ̀rọ rẹ, bẹ́líìtì tuntun tó wà nínú rẹ̀ yóò bá ẹ̀rọ ẹlòmíràn lọ. Ìwé ẹ̀rí pásítọ̀ kò sì ní wọ́n ọn, bó bá fẹ́ ẹ.

Ilé tí ìwọ fẹ́ràn jù fún Ọpẹ́dayọ̀, mo mọ̀ ọ́n: ilé Alàgbà Benjamin. Ọmọ rẹ̀ ń lu dùùrù nínú ìjọ wa, Alàgbà fúnra rẹ̀ sì lè gbàdúrà sórí oúnjẹ títí oúnjẹ yóò fi tutù. Òun kúkú ló ta ilẹ̀ fún ọ lẹ́yìn Kérésì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n mọ Gbádéyan.

O rí àwọn pérégún tó tò lọ níbẹ̀ nígbà tí Alàgbà mú ọ lọ wò ó. O ya fọ́tò níwájú wọn, o sì fi ránṣẹ́ sí mi. O sọ fún mi pé o bi Alàgbà pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó ní igi àwọn abọ̀rìṣà ni, pé òun yóò sọ ibẹ̀ di mímọ́. Ìwọ náà sì gbà! Sarah, ṣé kì í ṣe Kábà níbí ni wọ́n ti bí ọ ni? Ṣé kì í ṣe oko ni bàbá wa fi tọ́ wa? Ta ni kò mọ̀ pé pérégún là ń gbìn sí ààlà oko?

Nínú oṣù Kejì, Alàgbà kó ẹgbẹ́ àdúrà wa lọ síbẹ̀. Òróró wà, àdá wà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. A kọrin, a pàtẹ́wọ́, a lé Èṣù. Èmi náà wà níbẹ̀, kí n má purọ́. Èmi gan-an ni mò ń gbe orin. Wọ́n ń gé pérégún lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń ṣe “Àmín” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ààlà ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá orin dúró kó wá sọ fún Alàgbà pé ààlà opó ló ń gé? Òun ló ń kọ́ wa ní Bíbélì. Mo kọrin mi parí, mo jẹ búrẹ́dì tí wọ́n pín, mo gba ilé lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú ń tì mí.

Apá kejì ààlà yẹn, Miriam ló ni ín, opó Ernest, ẹni tó máa ń gbálẹ̀ ìjọ wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ní gbogbo àkókò tí mò ń wí yìí, Odò-Ẹrẹ̀ ló wà, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Nígbà tó dé ní ìparí oṣù Kẹrin, ó bá kajú tí ọkọ rẹ̀ gbìn nílẹ̀ gbalaja, ó sì bá búlọ́ọ̀kù ilé tí ò ń kọ́ síbẹ̀ lórí gbòǹgbò wọn. Kajú yẹn ló fi ń jẹun láti ìgbà tí Ernest ti kú. Kò pariwo. Ó lọ bá Alàgbà, Alàgbà ní kí àwọn jọ gbé e tọ Ọlọ́run lọ ná. Wọ́n gbàdúrà pọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ kò padà. Ni obìnrin náà bá gba kóòtù lọ.

Èmi náà lọ síbẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn. Alàgbà gbé Bíbélì sókè, ó búra pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kò sí ààlà kankan níbẹ̀. Àwọn méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa búra tẹ̀ lé e. Ọ̀kan tilẹ̀ fẹnu ko Bíbélì náà lẹ́yìn tó purọ́ tán. Ó wá kan Gbádéyan, nítorí òun àti Ernest jọ máa ń ṣe àáró nígbà ayé rẹ̀, lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ gbin àwọn pérégún náà. Akọ̀wé kóòtù gbé Bíbélì fún un, kò gbà á. Ó gbé Kùránì, kò gbà á. Ó mú irin wá nítorí àwọn tó ṣì ń bọ Ògún, ó tún kọ̀ ọ́. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Alíkálì tó ń dá ẹjọ́ bi í pé kí ni yóò wá fi búra.

Ó ní, “Alíkálì, okun o. Ẹnu mi ni mo gbé wá. Gáskíyá ni n ó sọ, òótọ́ pọ́ńbélé. Bí mo bá fẹ́ purọ́, ìwé yín kọ́ ni yóò dì mí lẹ́nu mú.”

Alàgbà mi orí, ó ń káàánú ọkàn rẹ̀. Alíkálì ní kó ṣèlérí pé òótọ́ lòun yóò sọ, kó sì máa wí. Ó wí. Ó ní mẹ́tàdínlógún ni pérégún náà, láti ibi òkúta ńlá dé etí odò. Alàgbà ní ó dáa, kí gbogbo wa lọ wò ó, bóyá a ó rí ẹyọ kan. Alíkálì náà ní kí a lọ.

Wá gbọ́ ìwà agọ̀ àwa olùfọkànsìn. A gé pérégún, a kò hú u! A rò pé òróró ni yóò pa gbòǹgbò. Òjò sì ti ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin. Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo wọn ti sọ, ewé tútù yọ̀yọ̀, wọ́n tò lọ láti ibi òkúta dé etí odò. Mẹ́tàdínlógún. Alíkálì fúnra rẹ̀ ló kà wọ́n, búlọ́ọ̀kù rẹ sì wà lápá ọ̀hún, lórí ilẹ̀ Miriam. Alàgbà ní iṣẹ́ ọ̀tá ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi etí méjèèjì gbọ́ nìyí. Kí Gbádéyan tó jẹ́rìí, Alàgbà ti lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti sọ fún un pé ìyá Ọpẹ́dayọ̀ ló ra ilẹ̀ náà, pé bó bá la ẹnu rẹ̀, kó gbàgbé ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọlábímtán bẹ bàbá rẹ̀ pé kó ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun ti gbọ́. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó gba kóòtù lọ.

Lánàá, mo lọ sọ́dọ̀ Gbádéyan láti parí iṣẹ́ tí o rán mi. Mo bi í ní ìbéèrè rẹ gan-an, pé kí ló ń dá a dúró bí ibi bá ń pè é. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìjọ, ẹ ní ẹni tó ń bá yín fọ aṣọ. Òun kò ní, ìdí nìyẹn tí òun fi ń wo ẹsẹ̀ bí òun bá ń kọjá lójú ẹrẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn rí.

N kò ní fi ìjọ sílẹ̀ o. Ọlọ́run kò ṣẹ̀ mí. Miriam náà ń gbàdúrà, òótọ́ ló sì sọ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ níwájú mi mọ́ pé láìsí ẹ̀sìn, kò sí ìwà. Ẹlẹ́sìn mẹ́ta ló purọ́ lójú mi, ẹlẹ́sìn kẹrin sì jókòó sẹ́yìn, ó mọ òótọ́, ó panu mọ́. Èmi ni.

Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje. Alàgbà ti ń sọ ọ́ kiri pé ìwọ yóò wá, pé ìwọ yóò gbé Bíbélì, ìwọ yóò sì jẹ́rìí pé kò sí igi kankan níbẹ̀ nígbà tí o ra ilẹ̀, pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbìn wọ́n. Bóyá ó tilẹ̀ ti pè ọ́.

Bá mi kí Bàbá Ọpẹ́, kó rọra pẹ̀lú iyọ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ. Sọ fún Ọpẹ́dayọ̀ pé mo ti rí Ọlábímtán rẹ̀, kò ga tó bó ṣe sọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n kí ènìyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ rò pé àwa nìkan là ń ṣe ìwádìí. Gbádéyan náà ń ṣe tirẹ̀, bó ṣe yẹ kí bàbá ọkọ ṣe. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ojú títì. Ó ní òun kò bèèrè ìjọ wa, òun kò sì bèèrè ohun tí a ní. Ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ mọ̀ nípa ẹbí wa: bí ìyá ọmọ náà bá dé kóòtù, kí ni yóò sọ? Sarah, ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́ dàgbà. Síbẹ̀, mo ní kó fún mi láyè kí n kọ̀wé bi ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń dúró de èsì,

Bọ́ládé.