Ọwọ́ Bàbá Kọ́ Ló Fọ́ Bàlúù Yín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Ara Màmá ti ń yá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò tíì tán.

Bàbá sọ fún yín pé ọwọ́ àwọn ló gbọ̀n tí bàlúù onírìmóòtù yín fi já lulẹ̀. Ojú ń tì mí: èmi ni mo fà á. Níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ mi ló ṣẹ́ hínjì tí ìrù bàlúù náà fi ń mì. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù wọnú hínjì, ìrù gan, mi ò sì sọ fún Bàbá kí wọ́n tó gbé e fò. Látìgbà náà, Bàbá ò fọwọ́ kan rìmóòtù mọ́.

Láàárọ̀ yìí ni mo kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ wọn méjèèjì: "Àṣé kì í ṣe ọwọ́ mi!" Ó dùn mí ju ẹgba lọ.

Ẹ dákun, ẹ fi hínjì tuntun ránṣẹ́. Bàbá ti ń wá gírísì tá a máa fi pa oríkèé rẹ̀, kí gọ́ọ̀mù tá a máa fi lẹ̀ ẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Àlàáfíà ò ní wọ́n nílé yín.

Àbúrò yín obìnrin