Igi Bàbá Rẹ àti Omi Ẹ̀yìnkùlé

Ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ kò gba gbogbo okun inú rẹ? Èmi wà. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi. Aránṣọ ilé kejì ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bù mọ́ ọn.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nílé yìí. Omi ẹ̀yìnkùlé ti wọ yàrá ìyá rẹ. Ògiri ẹ̀yìn là láti ìsàlẹ̀ dé ojú fèrèsé, ìka mi wọ inú rẹ̀. Ìyá rẹ gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí bíríkì, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a pe ẹlẹ́páìpù. Ó hú gọ́tà àtijọ́, ó fa gbòǹgbò yọ nínú rẹ̀, ó gùn bí ìrù ẹṣin. Igi tí bàbá rẹ gbìn kó tó kú ló ni ín. Ó ní, "Màmá, gbòǹgbò kì í déédéé wọ páìpù. Ibi tó bá ń jò ló ń wá." Ó wá ri páìpù tuntun mọ́lẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ní ihò tí omi ilẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, ó sì fi aṣọ tó ń sẹ́ omi wé òkúta náà kí ẹrẹ̀ má baà dí i. Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ igi kò ní ihò rárá, gúlúù ló fi lẹ oríkèé rẹ̀ pinpin.

Òjò ò tíì dáwọ́ dúró tí páìpù náà fi tún dí. Mo pe ọkùnrin náà ní gbájú-ẹ̀. Ó mú ṣọ́bìrì. Nídìí igi, ó bá ihò lára páìpù, ihò tí ẹnìkan fi ìṣó gbígbóná lu. Ó wo ojú mi. Èmi wo ojú ìyá rẹ.

Ìyá rẹ ní, "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí òùngbẹ pa á ni? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bomi rin ín nígbà ayé rẹ̀."

Mo ní, "Ọkọ rẹ kọ́ nìyẹn. Igi ni. Èmi tí mo bí i, mo mọ ibi tí a sin ín sí."

Bí ìyá rẹ ṣe bọ́ sínú kòtò nìyẹn, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ bo òun pẹ̀lú páìpù. Ẹlẹ́páìpù ní, "Màmá, n kì í gbẹ́ sàréè o." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ̀ a padé.

Ọ̀nà méjì ló kù: kí a gé igi, tàbí kí omi gba òdìkejì, níbi tí gbòǹgbò ò tíì dé. Òdìkejì yẹn ni ilé ìdáná mi, níbi tí mo ti dáná tí mo fi tọ́ bàbá rẹ. Mo ní kí wọ́n wó o. Wọ́n ti wó o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìfẹ́. Òrùlé rẹ̀ ti ń jò tẹ́lẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń dáná báyìí, bí àlejò.

Páìpù ti gba ibẹ̀ kọjá, omi ń lọ. Ṣùgbọ́n ògiri tó là kò padé, bíríkìlà sì ní kò ní lè fara da òjò ọdún tó ń bọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ ṣì ń sùn. Ọ̀rọ̀ mi kò wọ etí rẹ̀ mọ́. Wá sílé. Má dárúkọ igi. Tẹ́ ẹní rẹ sí yàrá mi, kí o sọ fún ìyá rẹ pé ibi tí o bá sùn ni kó wá sùn.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ohun tí o bá gbìn kò ní wó ilé rẹ. Èmi kò ní sin ọmọ mìíràn mọ́. Ìwọ ni wàá sin wá.

Èmi ni,
Ìyá tó bí bàbá rẹ.

Àfikún: Ẹlẹ́páìpù fi ihò kan tó ní ọmọrí sílẹ̀ níbi tí ààrò mi wà tẹ́lẹ̀. Ó ní gbòǹgbò lè wá páìpù ibẹ̀ rí lọ́jọ́ kan, kí a máa ṣí i wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi lè má sí mọ́ nígbà náà. Bí o bá ṣí i, tí o rí ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí mi, gé e. Má sọ fún ìyá rẹ.