Orúkọ Tó Wà Lára Ògiri Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Ìlétuntun,
Lójú ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bàbá Ìtùnú,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Ìtùnú àti gbogbo ilé. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kí orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé mi sì ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀.

Ẹ pa fóònù mọ́ mi létí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. N kò bínú. Ọmọ wo ló máa gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa orúkọ bàbá òun rẹ́ lára ògiri tí inú rẹ̀ máa dùn? Ṣùgbọ́n ẹni tó ròyìn fún yín mú ọ̀rọ̀ náà láti ìparí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bírò, kí n lè sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni àwa mẹ́ta kan ti ń kó ìtàn Ìlétuntun jọ: èmi, Yọ̀mí tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, àti Kìtán, onífọ́tò kan láti Oǹdó. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́. A kàn rí i pé àwọn àgbẹ̀ tó tẹ ibí yìí dó ń kú tán lọ ni. Lọ́dún tó kọjá nìkan, a sin mẹ́rin. A máa ń lọ bá àwọn tó kù nílé, a ó gba ohùn wọn sórí fóònù, Kìtán yóò sì ya àwọn ìwé àtijọ́ tó ń bàjẹ́ nínú àpótí wọn. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: ohun tí a kò bá rí ẹ̀rí rẹ̀, a kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́.

Ní oṣù kẹta, a pe àwọn ọmọ àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ wálé. Màmá Nímọ́tà wà lára wọn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, Àkúrẹ́ ló ń gbé, bàbá rẹ̀ sì ní oko kòkó níbí nígbà kan. Sherifat ọmọ rẹ̀ ló mú un wá. Nígbà tí a dé iwájú ilé ẹ̀kọ́, màmá dúró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ILẸ̀ YÌÍ, Ẹ̀BÙN ADÉPỌ̀JÙ, orúkọ bàbá wa. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi ka orúkọ bàbá mi. Ulẹ̀ rẹ̀ rèé.” Ẹ mọ bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pe ilẹ̀. Màmá kò mọ̀wé. Mo wo Sherifat tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí sí mi, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á. Mo ní, “Ilẹ̀ yìí, ẹ̀bùn Bùráímọ̀.” Orúkọ tí Sherifat kọ sínú ìwé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo pè. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ojú tì mí gan-an. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, èmi náà ni mo wá dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

Sherifat sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti mọ̀ láti ìgbà tí òun wà ní kíláàsì kẹta pé kì í ṣe orúkọ bàbá àgbà òun ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹnu sọ ọ́ fún ìyá òun. Yọ̀mí kò bá mi wí. Ó kàn ní, “Mà, ẹ̀yin lẹ ní ká máa wá ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká wá a, ibi yòówù kó já sí.” Mo gbà. Nínú ọkàn mi, àdúrà tí mo ń gbà ni pé kí a má rí nǹkan kan.

Kìtán rí i. Ó wá àwọn ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa àkọ́kọ́ kàn ní Oǹdó, wọ́n sì fa ìwé àkọsílẹ̀ ọdún 1961 jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ewé kẹta ni ọ̀gá kọ ọ́ sí pé: “Bùráímọ̀ ará Àkúrẹ́ gé igi kòkó rẹ̀ kí a lè rí ilẹ̀ kọ́lé ìwé. Ó ní ìrìn tí àwọn ọmọ ń rìn ti pọ̀ jù.” Ìka Bùráímọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, yíǹkì ló fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: “Ẹlẹ́rìí, Adépọ̀jù.” Ọwọ́ bàbá wa ni. Bó ṣe máa ń fa ìrù J gùn yẹn, kò sí ibi tí mo ti máa rí i tí n kò ní mọ̀ ọ́n.

Bàbá wa kò jí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìwé yẹn tí Bùráímọ̀ fi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì padà sí Àkúrẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ilé ẹ̀kọ́ kùn ní ọdún 1974, orúkọ ẹni tí wọ́n ń rí lójú ni wọ́n kọ. Síbẹ̀, bàbá wa mọ̀wé, ogún ọdún ló sì fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ nǹkan kan. Bóyá ojú ló tì í. Bóyá ó dùn mọ́ ọn. N kò mọ̀, n kò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́ láti jẹ́wọ́ fún Màmá Nímọ́tà. Mo kúnlẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní kí n dìde. Ó ní, “Mo ti mọ̀ tipẹ́. Nígbà tí Sherifat wà ní kékeré, a wá wo oko, ó ń ka ọ̀rọ̀ ara ògiri náà geerege, ó dé ibi orúkọ, ó dákẹ́. Kí ló máa mú ọmọ tó mọ̀wé dákẹ́?” Ó lé ní ogójì ọdún tí ìyá ti mọ̀, tí ọmọ ti mọ̀, tí kálukú ń rọra ṣọ́ ọkàn ẹnì kejì. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi ní kí n kà á. Ó ní, “Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà lẹ́ẹ̀kan, kí n tó lọ bá bàbá mi lọ́run.”

Ó tún sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, bàbá wa ló tẹ̀ lé òkú náà dé Àkúrẹ́. Mọ́tò kọ̀ lọ́nà, bàbá wa sì wà lára àwọn tó fi èjìká ru òkú náà. Màmá ní, “Ẹ má pa orúkọ bàbá yín rẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀.”

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ìlú, àwọn àgbà kan ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo ní orúkọ bàbá mi ni, mo sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún un kọ. N kò bi yín kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ yín, mo sì tọrọ ìdáríjì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò kọ ọ́: Bùráímọ̀ ló fi ilẹ̀ tọrẹ, Adépọ̀jù ni ẹlẹ́rìí. Màmá Nímọ́tà ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò sọ pé Olúrántí ló ṣe é. Bí ẹ bá dúró tì mí, ilé Adépọ̀jù ló ṣe é.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ẹsẹ̀ yín gbé yín dé ibi ayọ̀. Ohun rere ni àwọn ọmọ wa yóò máa kà nípa wa, a kò sì ní fi ọwọ́ ara wa ba iyì ilé wa jẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Olúrántí.

Àfikún: Kìtán ló mú ìwé yìí wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó ya àwòrán bàbá wa tó wà ní pálọ̀ yín, èyí tí wọ́n yà níwájú ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì ní òrùlé. Ẹ wo ọkùnrin tó wọ fìlà funfun lápá òsì, tí bàbá wa gbé ọwọ́ lé léjìká. Láti kékeré la ti ń wò ó, a kò bèèrè ẹni tó jẹ́ rí. Màmá Nímọ́tà kò ní àwòrán bàbá rẹ̀ kankan.