Ọpọlọ Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Gbádé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Jánúárì

Múyìwá àbúrò mi dé láàárọ̀, ó gbé ọpọlọ tuntun wá fún Àgbàlagbà. (Àgbàlagbà ni mo ń pe kọ̀ǹpútà Gbádé ọkọ mi – ó ti pẹ́ nílé yìí, ó sì máa ń ráhùn kó tó dìde.) Ọpọlọ tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní processor, àti fáànù tuntun tó máa jókòó lé e lórí. Múyìwá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ní kó wá. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti fọwọ́ ba Gbádé lọ́dún tó kọjá, kò fa ìlà kan mọ́. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yàwòrán ilé! Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpọ̀nrí ní kó parí àwòrán ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣàìsàn. Ó ní òun máa ṣe é, àmọ́ kọ̀ǹpútà ń falẹ̀ jù. Ojoojúmọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa, mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Tó bá parí àwòrán yìí, mo mọ̀ pé ọkọ mi ti padà dé. Ohun tí mò ń wá nìyẹn, kò sí òmíràn.

Múyìwá parí, ó tẹ súwíìṣì. Fáànù ń yí, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yọ. A pàtẹ́wọ́. Ó kú.

(Níta, "wọ́n" ni mo ń pe Gbádé. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ìwé mi ni.)

Ọjọ́ Ìsinmi, 12 Jánúárì

Kí n tó wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tàn! Ó dé ibi tó ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Mo pariwo pe Gbádé. Kó tó wá jígí ojú rẹ̀ rí – òkùnkùn.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, oòrùn ti mú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò tiẹ̀ dé ìdajì ibi tó dé láàárọ̀. Kí ló ń ṣe nǹkan yìí? Ṣé ó mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán ni?

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì

Kò tàn.

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì

Múyìwá tún wá. Ó ní iná ìjọba ni, kò lágbára. A tan jẹnẹrétọ̀ – ó kú. Ó ní wáyà ni. Ó pààrọ̀ wáyà – ó kú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bíi pé Windows yẹn la máa tún gbé sí i." Mo ní báwo la ṣe fẹ́ gbé e sínú nǹkan tí kò jí? Ó ní kí n fún òun lómi tútù.

Ẹnu ẹ̀ la wà tí Àǹtí Margaret fi dé. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Fíkà, àlùfáà wa, ló ní kó wá béèrè àwòrán. Mo rò pé ojú máa ti Gbádé. Rárá o. Gbádé nà ró lórí àga, ó ń ṣàlàyé – ọpọlọ, fáànù, iná – bíi pé òun ló ṣe kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ó ní tó bá ti lè tàn báyìí, ọ̀sẹ̀ kan péré, àwòrán ti dé ọwọ́ Fíkà. Àǹtí Margaret rẹ́rìn-ín títí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi tó lọ sókè bẹ́ẹ̀.

Inú mi dùn. Inú mi dùn, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Jánúárì

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀. Àgbàlagbà tàn, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ó wọlé – mo rí fáìlì ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá! Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn bálùwẹ̀. Gbádé ní òun ń bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Nígbà tó máa dé, Àgbàlagbà ti kú. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Kòfo," ó sì béèrè bóyá àkàrà ṣì kù.

Inú bí mi. Ẹni tí mò ń torí rẹ̀ sá kiri ò bínú. Ó jẹ àkàrà, ó gba òmíràn. Ó ń sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Ṣìmí ọmọ wa pè láti Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ ń bá a ṣàwàdà: kọ̀ǹpútà ló dá òun dúró o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ì bá ti parí iṣẹ́ tipẹ́. Ta ló yẹ kí n bínú sí?

Ọjọ́ Ìsinmi, 19 Jánúárì

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa gbàdúrà fún kọ̀ǹpútà. Mo ṣe àmín. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Jánúárì

Mo gbé Àgbàlagbà lé itan nínú kẹ̀kẹ́, ó di Yaba, ọ̀dọ̀ Jude tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Múyìwá tẹ̀ lé mi, ó ń kọ́ Jude níṣẹ́ kí ìyẹn tó ṣí i rárá. Jude tú fáànù. Ó wò ó. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá wò ó.

Ọ̀rá! Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà lábẹ́ fáànù tuntun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Jude ní òun ni kò jẹ́ kí fáànù rí ooru ọpọlọ fà jáde. Tó bá ti gbóná jù, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀ kó má baà jó. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ díẹ̀ nínú ọyẹ́. "Mummy, dem write am for body say make una remove am." Múyìwá ní òun rí i. Òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, kí fáànù má baà tètè gbó.

Mi ò lè bá a wí. Ilé kan náà la ti jáde. Inú ọ̀rá ni àga pálọ̀ màmá wa wà títí a fi dàgbà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ wa nítan. Rìmóòtù ilé tèmi ńkọ́? Ilẹ̀kùn fíríìjì ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Jude bó ọ̀rá kúrò, ó dá fáànù padà. Ó tàn, kò sì kú mọ́.

Ọjọ́rú, 22 Jánúárì

Ó ń tàn láti àárọ̀. Gbádé ní kí n jẹ́ kó sinmi ná, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni.

Ọjọ́bọ̀, 23 Jánúárì

Ó ní jígí òun ò mọ́. Mo nù ún. Ó ní oòrùn ń ta sójú kọ̀ǹpútà. Mo fa kọ́tìnì. Ó ní ó ti rẹ òun.

Kò jẹun tán. Ṣìmí pè, kò gbà á. Nǹkan tí à ń wá ti dé, ẹni tó ni ín ń sá fún un. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kú, ara Gbádé yá. Ó jí tán, ara tòun wálẹ̀. Kò yé mi. Kò yé mi rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

Àǹtí Margaret pè láàárọ̀. Mo sọ fún un pé ó ti tàn. Ó yọ̀, ó ní òun àti Fíkà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo jíṣẹ́ fún Gbádé.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí tábìlì. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣí àwòrán. Ògiri, fèrèsé, àtẹ̀gùn – iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó mọ́ kedere. Ó di máòsì mú. Ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó fa ìlà kan, ìlà náà la àárín fèrèsé kọjá. Ó pa á rẹ́. Ó tún fà á, ó tún gba ibẹ̀. Ó wá ń wo àwọn àmì iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó dé àdúgbò tí kò ti mọ ẹnì kankan.

Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọwọ́ kọ́. Ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kì í sì í ṣe òní ló mọ̀. Ó ti mọ̀ látọjọ́ tó ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Ó yíjú sí mi. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà wà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó ní, "Kòfo, ó tún ti kú."

Mo wo àwòrán tó ń tàn níwájú wa. Mo wo ọkọ mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy Ṣìmí. Mo rí i. Ẹ pẹ̀lẹ́." Mo na ọwọ́ sẹ́yìn tábìlì, mo fa wáyà yọ lára ògiri.

Lẹ́yìn náà mo pe Àǹtí Margaret. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu lọ́jọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà wa ò tàn.