Ìpara Tó Kárí Ilé

Màámi, ẹ káàárọ̀ o.

Inú mi dùn pé kúrúnà ti ń kúrò lára àwọn ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ̀yin náà fi ìpara para, bí ara ò tiẹ̀ yún yín. Orí ẹní kan lẹ jọ ń sùn. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù, yóò tún ràn.

Dáadáa ni mo wà ní Irving, ní Amẹ́ríkà níbí. Apartment mi, ilé tí èmi nìkan ń gbé, tutù, ó pa rọ́rọ́. Ọmọ mi Ìbùkún tó wà lọ́dọ̀ yín sọ fún mi lórí fóònù pé gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ para, kí èmi náà pa tèmi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì para. Ẹ sọ fún un pé àárín ẹ̀yìn nìkan ni ọwọ́ mi ò tó.

Ẹ bá mi kí Ìbùkún, ẹni tó ń bá yín fi ìpara pa ẹ̀yìn.

Gbéminíyì