Màmá Tí Ọmọdé Ń Sá Di: Ìgbésí Ayé Olóògbé Bernice Oyèbísí Ọláyọdé (1899–1959)

Ìlá-Ọ̀ràngún, ní agboolé Ṣàngódèyí, ni wọ́n ti bí Màmá wa ní ọdún 1899. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wọn. Ọmọ ìlú Ọ̀rà ni ìyá wọn. Màmá kò rí ilé ìwé lọ, ṣùgbọ́n ní kíláàsì ìrìbọmi wọ́n kọ́ Bíbélì kíkà débi pé àlùfáà kò jẹ́ fo ẹsẹ kan níwájú wọn.

Ní ọdún 1919, wọ́n lọ sílé ọkọ, sọ́dọ̀ olóògbé Alfred Ọláyọdé, àgbẹ̀ oníkòkó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Kò sí ọmọdé tó ṣẹ̀ ní agboolé wa tí kò mọ ẹnu ọ̀nà Màmá. Bí pàṣán bá ti ròkè, ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ ń sá sí. Màmá á ní, "Ẹ dákun, ẹ fojú fò ó nítorí tèmi." Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti kọ̀?

Àfi ní ọdún 1955 tí ọ̀rọ̀ kan ilé tiwọn. Màmá ní kí Bọ́láwùmí, ọmọ Hezekiah àkọ́bí wọn, máa ṣọ́ kòkó tí wọ́n sá síta. Ọmọ ọdún méje ni. Eré gbé e lọ, òjò dé, kòkó tutù rinrin. Inú bí Màmá, wọ́n fa pàṣán yọ. Bọ́láwùmí wo ọ̀tún, ó wo òsì: ẹni tí ọmọdé ń sá bá ló mú pàṣán lọ́wọ́ yìí! Ló bá kọrí sígbó.

Gbogbo agboolé tú jáde. Màmá ń sáré láìwé gèlè, wọ́n ń pe ọmọ títí ohùn wọn fi há. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin kan rí i lọ́nà Òkè-Ìlá, ó sì gbé e wálé. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà béèrè pé, "Ìyá àgbà, ta ni ì bá bá mi bẹ̀ yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní àwọn làwọn jẹ̀bi, àwọn tó gbé iṣẹ́ àgbà lé ọmọdé lọ́wọ́. Pàṣán di igi ìdáná. Àwọn méjèèjì jọ tún kòkó náà sá, Bọ́láwùmí sì ń yí i bó bá ti ilé ìwé dé, títí ó fi gbẹ. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tán, wọn kì í jẹ́ kó lọ lásán. Ẹni tó da omi nù á tún un pọn. Ti ọmọ ọwọ́ tó ń fa abọ́, wọn á gbé abọ́ kúrò níbẹ̀, ó tán. Èyí ni wọ́n ń kọ́ àwọn abiyamọ nínú ìjọ. Àwọn kan ní Màmá ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́. Àwọn yẹn náà ló ń kó ọmọ tiwọn wá sọ́dọ̀ Màmá nígbà tó yá.

Ní ọdún 1959, tí Màmá wà lórí àìsàn, Bọ́láwùmí tẹ awò ojú wọn fọ́. Kò sá. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ibùsùn, ó jẹ́wọ́. Màmá rẹ́rìn-ín: "Ó dáa, ojú tìrẹ la ó máa fi ka Bíbélì." Ojoojúmọ́ ló ń kà á. Orí Sáàmù ló wà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí Màmá sùn lọ, láìjẹ̀rora. Ìyẹn tù wá nínú.

Wọ́n fi Hezekiah, Fọlákẹ́ àti Ọlátúbọ̀sún sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ ọmọ púpọ̀.

Màmá, ẹ sùn un re. Gbogbo ọmọ wà nílé.